Bí Dókítà Arrázola Ṣe Fòfin De Dúdú Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé àjọ̀dún Candelaria, ní nǹkan bí agogo méje àárọ̀, ni Nicanor Tapias kọ́kọ́ gbọ́ pé Gómìnà ti kú. Ife kọfí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń ta arepa, àkàrà àgbàdo, lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló sọ fún un.

"Don Nica, ẹ ò tíì gbọ́? Gómìnà Cotes ti lọ."

"Ó lọ sí ibo?"

"Ibi tí wọn kì í ti í bọ̀ ni. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i ní tẹlifíṣọ̀n. Ó ń sọ̀rọ̀ o, àmọ́ ó ti kú."

Nicanor gbé ife sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ọdún méjìdínlógójì ló sì ti ń tọ́jú yàrá téèpù ní Tele-Ribera, tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ náà. Kí obìnrin yìí tó parí ọ̀rọ̀ ló ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní gbogbo etí odò yẹn, bí ènìyàn bá kú, àwọn ẹbí á tẹ ìwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káàkiri ìlú. Orúkọ òkú á wà láàárín, ọ̀já dúdú lọ́tùn-ún, ọ̀já dúdú lósì. Ọmọdé tí kò mọ ìwé kà mọ ohun tí ìwé yẹn ń sọ. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Tele-Ribera sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ díjítà, lẹ́yìn tí Gómìnà ti pín tẹlifíṣọ̀n olójú gbọọrọ fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn, àti gbogbo ilé oúnjẹ tó ń dìbò fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìkíni Gómìnà jáde. Kámẹ́rà àtijọ́ ni wọ́n fi yà á lọ́dún tó kọjá, àwòrán kámẹ́rà àtijọ́ kò sì fẹ̀ tó gíláàsì tuntun. Ẹ̀rọ ṣe ohun tí ẹ̀rọ tó ní làákàyè máa ń ṣe: ó fi àwòrán sáàárín bó ṣe rí, ó fi dúdú dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohùn sì kọ̀, kò jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Gómìnà láàárín, dúdú lọ́tùn-ún, dúdú lósì, ẹnu ń mì, ohùn ò jáde. Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí, kí ni ẹ̀yin ìbá rò?

Kí agogo mẹ́jọ tó lù, òdòdó ti kún ẹnu ọ̀nà Gómìnà. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ dé, wọ́n ti ń gbé orin. Káfíńtà kan dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Gómìnà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ṣòkòtò péńpé nìdí rẹ̀, omi máńgòrò ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ta ló kú?" ló bi wọ́n.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún un. Káfíńtà ló gbẹ́nu lé e nígbẹ̀yìn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọọrọ díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dé ibí ná."

Ìpè tí Gómìnà pe ọ̀gá àgbà Tele-Ribera láàárọ̀ ọjọ́ náà kò gùn. Ọ̀gá àgbà dìde dúró láti gbọ́ ọ, ó sì wà lórí ìdúró fún wákàtí kan lẹ́yìn tí ìpè parí.

Dókítà Leovigildo Arrázola Pinto lorúkọ rẹ̀. Kò wo aláìsàn rí. Ẹ má béèrè ibi tó ti gba oyè náà. Ní Villa Tamarindo, ìlú tí ilé-iṣẹ́ náà wà, ẹni tó bá lè so táì nínú oòrùn yẹn tí kò dákú, dókítà ni. Bó bá ń bọ̀ wá síbi ìpàdé, akọ̀wé rẹ̀, Niña Ludis, á kọ́kọ́ wọlé, á kígbe pé, "Ó ń bọ̀!" Gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Niña Ludis á wá ka oyè rẹ̀: Bàbá Ìròyìn, Olùdásílẹ̀ Aago Gbàgede, Igbákejì Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Olùfẹ́ Ewì. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí àtẹ́wọ́ bá fẹ́ tètè tán, Niña Ludis á wúkọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," Dókítà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, "Ìtàn dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń kanlẹ̀kùn. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ní, Ìtàn, kí lo wá ṣe? Ìtàn wólẹ̀, ó ní, Arrázola, bá wa mú dúdú kúrò. Mo ní, dìde, má sunkún mọ́. Nítorí náà, Àṣẹ Kìíní: dúdú kò gbọdọ̀ fojú hàn lórí Tele-Ribera mọ́ láéláé."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá ẹni tó ń ka ìròyìn padà sílé nítorí kóòtù dúdú tó wọ̀. Wọ́n sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń sọ ojú ọjọ́ pé kí ó yé dárúkọ òjò tó ṣú.

Nicanor na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn.

"Dókítà, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Àwòrán àtijọ́, bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, òòró rẹ̀ á jẹ́ mẹ́ta. Gíláàsì tuntun, bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, òòró rẹ̀ á jẹ́ mẹ́sàn-án péré. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe rí, kí àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tàbí kí ẹ fà á fẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sanra. Tàbí kí ẹ gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù."

Dókítà gbójú sókè sí fáànù. "Baba yìí ń ṣèṣirò fún mi," ó sọ fún fáànù náà. Ó wá yíjú padà. "Don Nica, ta ló sọ fún yín pé sísanra burú? Ìpínlẹ̀ wa ń tẹ̀síwájú. Ẹ fà á!"

Wọ́n fà á.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bọ́ọ̀lù di ẹyin. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń kọrin ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ di àgbá. Don Fidelino, tó ń sin ẹṣin, gba lẹ́tà mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò pé kí ó kó àwọn erinmi rẹ̀ kúrò létí omi. Niña Ludis ní erinmi náà gbayì. Àwọn olóṣèlú alátakò kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn gbé tẹlifíṣọ̀n kan sí gbàgede, wọ́n nàka sí Gómìnà, wọ́n ní, "Ẹ wò ó! Ọdún kan péré ló lò lórí àga, ó ti di ènìyàn méjì. Ẹ bi í léèrè ohun tó jẹ."

Ìyá Gómìnà, Doña Petronila, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, pe ọmọ rẹ̀ láti ilé.

"Anselmo, kí lò ń jẹ lọ́hùn-ún?"

"Màmá, oúnjẹ kọ́. Tẹlifíṣọ̀n ni."

"Yé jẹ ẹ́ o, ọmọ mi. Bàbá rẹ náà bẹ̀rẹ̀ báyìí ni."

Gómìnà tún pe Dókítà. Dókítà tún dìde dúró. Àṣẹ Kejì jáde: ẹ yé fà á, ẹ gé e.

Bí wọ́n ṣe fẹ àwòrán títí ó fi kún gíláàsì nìyẹn, ohun tó bá yọ lókè àti ní ìsàlẹ̀, wọ́n jù ú nù. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń lọ. Agbábọ́ọ̀lù ń sáré láìlẹ́sẹ̀. Ère Wúńdíá ti Candelaria kọjá láàárín ìlú láìládé. Obìnrin méjì tó ti gba adé ẹwà nígbà èwe wọn gbé adé náà wá sí ilé-iṣẹ́ nínú àpò, láti fi ẹ̀rí hàn. Gómìnà pàápàá kò ní iwájú orí mọ́.

"Iwájú orí kì í sọ̀rọ̀," Dókítà ṣàlàyé. "Ẹnu ló ń sọ̀rọ̀, ẹnu sì wà níbẹ̀."

Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fún un. Bí òpè kan bá dé lọ́jọ́ iwájú ńkọ́, tó ní kí wọ́n dá àwòrán padà bó ṣe wà? Nítorí èyí ni Àṣẹ Kẹta ṣe jáde. Téèpù àtijọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba. Kí wọ́n gé gbogbo wọn, kí wọ́n tọ́jú èyí tí wọ́n gé sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì fi òòfà pa ohun tó wà nínú téèpù rẹ́, ogún lójúmọ́. Bí yàrá téèpù bá ti ṣófo, wọ́n á sọ ọ́ di gbọ̀ngàn tí Dókítà á ti máa gba àlejò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Nicanor nìyí. Téèpù kan wà níbẹ̀, ti ọdún 1984. Calle del Medio ló wà nínú rẹ̀, òpópónà tí odò gbé lọ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kámẹ́rà rìn láti ìsàlẹ̀ òpópónà dé òkè, ó dúró lábẹ́ fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan fún ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Rosmira, ìyàwó Nicanor, ló wà lójú fèrèsé, ó ń bó òtílí sínú abọ́. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè àwòrán. Ó wo kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn ni ibà gbé e lọ, nígbà tó sì yá, odò gbé ilé àti gbogbo fọ́tò tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, Nicanor máa ń ti ilẹ̀kùn, á wo ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá náà, á dá téèpù padà sáyè rẹ̀. Kò mú un lọ sílé rí, bẹ́ẹ̀ ni kò dà á kọ sí ibòmíràn rí. Ohun ìjọba ni, Nicanor kì í sì í fọwọ́ kan ohun ìjọba. Irú olóríkunkun bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dìde níwájú gbogbo ènìyàn.

"Dókítà, ẹ gé e bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ohun tí ẹ bá gé kúrò lára àwòrán kì í hù padà."

"Don Nica, ẹ ti ń dàgbà. Àwọn tó ń ṣiyèméjì ló ń tọ́jú ti àkọ́kọ́. Ṣé ẹ ń ṣiyèméjì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn báyìí rí nínú ilé yẹn. Ẹ̀rù ba Niña Ludis, itọ́ gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀, ó wúkọ́. Kíá, gbogbo òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Dókítà tẹríba fún wọn, ó sì pa ìpàdé dé.

Nicanor kọ̀, kò fọwọ́ kan òòfà. Wọ́n mú awakọ̀ méjì wá láti ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀, Wilmar àti Edulfo, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Nicanor ni kí ó máa to téèpù sílẹ̀ fún wọn. Ó ń tò ó bí ẹni tó ń sa òkúta nínú ìrẹsì. Ó mú ti ọdún 1984, ó tì í sí ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ó lè jẹ́ ìkẹyìn nínú ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba. Láàárín ìgbà yẹn, ó rò ó pé Ọlọ́run á ti ṣe nǹkan kan.

Ọlọ́run ò tètè ṣe é. Gómìnà ló ṣe é, nítorí ó wo ara rẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n, kò sì rí irun tó rà ní olú-ìlú. Ó pe ìpè kẹta. Dókítà ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ọkùnrin kan sọ níhìn-ín pé ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà," ó ní. "Mo ti rí ìkẹrin. A ó fi àwòrán sáàárín bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n níbi tí òkùnkùn wà tẹ́lẹ̀, a ó fi ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ojú mi lọ́tùn-ún! Ojú mi lósì!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi pupa. Ayàwòrán gbìyànjú: Dókítà dúró tòun ti táì, eyín rẹ̀ hàn, ó na ọwọ́ sókè. Nítorí àtirí ojúrere, ayàwòrán tún fi kún un pé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ọwọ́ náà á máa jù sí àwọn ènìyàn. Bí àwòrán àtijọ́ bá ti wọlé, ẹ̀rọ á gbé Dókítà méjì jáde fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà paná rẹ̀, wọ́n fi àgádágodo sí ẹnu àpótí ẹ̀rọ náà, Dókítà sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ẹ̀wọ̀n aago àyà rẹ̀.

Nicanor bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Dókítà, bí ojú yín bá ti dí àlàfo, a ò nílò àtigé mọ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé òòfà sílẹ̀."

"Arrázola kì í yẹ ohun tó ti fọwọ́ sí. Ṣé odò máa ń ṣàn padà sẹ́yìn ni?"

"Nígbà ìkún omi, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó dàárọ̀, Don Nica."

"Ohun kan ṣì kù. Bó bá jẹ́ ìsìnkú la fẹ́ fi hàn ńkọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká. "Lásìkò tèmi, kò sẹ́ni tó máa kú láìgbàyè."

Ní oṣù kẹrin, Doña Petronila kú nínú oorun rẹ̀. Kò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín, kámẹ́rà tuntun méjèèjì tí ilé-iṣẹ́ ní ti bá Dókítà gun ọkọ̀ ojú omi lọ sí Boca del Caimán, ìlú tí wọ́n ti bí i, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣí ère orí rẹ̀ lójú agbo. Wákàtí mẹ́ta ni ìrìn náà lórí odò. Kámẹ́rà àtijọ́ nìkan ló kù nílé, Nicanor nìkan ló sì mọ̀ ọ́n lò. Kó tó gbé e lé èjìká, ó wo ìpele ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wo àwọn awakọ̀.

"Wilmar, Edulfo, ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ ìsìnkú lòní. Ẹ sinmi. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí n ó fi dé."

"A ti gbọ́, Don Nica," ni wọ́n dá a lóhùn. Òótọ́ ni, wọ́n gbọ́.

Nínú ilé ìsìn, ihò kékeré ni Nicanor ń yọjú sí. Pósí àti àbẹ́là nìkan ló ń rí. Ìta, nínú àgbàlá, ni wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n olójú gbọọrọ sí fún àwọn tí kò ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni Dókítà méjì ti dúró ti pósí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n ń yọ eyín.

"Ta ni wọ́n ń sin gan-an?" obìnrin kan béèrè.

"Ìyá Gómìnà mà ni."

"Àwọn ìbejì tó ń rẹ́rìn-ín yìí ńkọ́?"

"Bóyá àwọn ni ogún kàn."

Nígbà náà ni ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, àwọn ìbejì náà juwọ́ sí pósí. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó fi fìlà bo ẹnu, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Gbogbo àgbàlá ń mì.

Ní ilé-iṣẹ́, Niña Ludis ń pe Boca del Caimán. Dókítà gbé ìpè náà lórí pèpéle, ẹgbẹ́ fèrè ń fọn lẹ́yìn rẹ̀.

"Dókítà, àwòrán yín ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú o!"

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín mi ń tu ènìyàn nínú."

"Dókítà, ẹ ṣàánú wa, ibo ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Níbi tó yẹ kó wà. Lórí ọkàn mi." Ó sì pa á, nítorí wọ́n ti fẹ́ ṣí aṣọ lójú ère.

Ooru àti èéfín tùràrí mú Gómìnà, ó jáde wá sí àgbàlá láti mu omi. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sáré fi fìlà bojú. Gómìnà kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ó rí pósí ìyá rẹ̀. Ó rí ẹni tó wà lọ́tùn-ún, ó rí ẹni tó wà lósì. Ó dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi juwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n bá òun wá bírò, ó gba ìwé orin lọ́wọ́ akọrin kan, ó kọ ìlà kan sí ẹ̀yìn rẹ̀: *Leovigildo Arrázola kò ṣiṣẹ́ fún ìpínlẹ̀ yìí mọ́.* Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí Dókítà níbẹ̀. Oyè tó fi ogún ọdún kó jọ, ìlà kan ló gbà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó dúró kí wọ́n ka oyè rẹ̀. Àwọn aláàárù wà lórí ìjókòó.

"Ta ló ní kí ẹ máa jókòó?"

"Oòrùn ni, bàbá," ọ̀kan dáhùn. "Ẹ̀yin náà ẹ bọ́ nǹkan ọrùn yẹn, kó má pa yín."

Ní wákàtí yẹn kan náà, Nicanor gbé kámẹ́rà dé yàrá téèpù. Wilmar àti Edulfo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òógùn bò wọ́n.

"Don Nica, ẹ má bínú," Wilmar ní. "Ọ̀gá pè láti orí odò. Ó ní òun fẹ́ kéde ẹgbẹ̀rin nínú ọ̀rọ̀ òun, ká sáré kó pé. A ti ṣe tó bí agbára wa ṣe mọ. Ẹ̀yìn ló ń dùn wá, la ṣe mú ti ìpele ìsàlẹ̀, èyí téèyàn lè jókòó mú."

Nicanor gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó wá Calle del Medio. Òpópónà kọjá láìní òrùlé. Lẹ́yìn náà, fún ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, ó rí ọwọ́ méjì, ó rí abọ́, òtílí ń já bọ́ sínú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Láti àgbọ̀n sókè, kò sí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kejì, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ téèpù, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba, irinwó ó lé mẹ́fà ló kù. Wọ́n kéde ẹgbẹ̀rin ní Boca del Caimán, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pa rẹ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́fà. Ọdún méjìlá ìwọ́de Candelaria wà nínú rẹ̀, àti ìkún omi mẹ́ta, àti òrùlé ilé mọ́kànlélógójì ní Calle del Medio, àti ojú obìnrin kan.